Ọjọ́ Méjì Nínú Oṣù

Ìjókòó ni obìnrin kan wà tó fi sùn lọ. Ó fẹ̀yìn ti ògiri lórí bẹ́ǹṣì àgbàlá, ó di àpò rẹ̀ mú lórí itan bí ẹni tó ń retí ọkọ̀, oòrùn àárọ̀ sì ń bọ̀ wá bá a lójú. Bàtà rẹ̀ ni alágbàfọ̀ kọ́kọ́ rí: ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Ó gbé agbọ̀n aṣọ tútù sílẹ̀, ó wò ó títí, kò jí i. Ó mú aṣọ ìbùsùn tó fẹ̀ jù lọ, ó sá a sórí okùn tó wà láàárín obìnrin náà àti oòrùn. Nígbà tí oòrùn yí, ó sún aṣọ náà tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ilé ìsinmi ni wọ́n ń pe ibi tó ti ń fọṣọ yìí. Ibẹ̀ ni àwọn tó ní ọmọ tí kò lè rìn, tàbí tí kò lè dá jẹun, máa ń gbé ọmọ wọn wá fún ọjọ́ méjì lóṣù. Àwọn ọmọ á ṣeré, wọ́n á gbọ́ orin, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́ nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn tó gbé wọn wá á lọ sílé lọ fara le ilẹ̀.

Iṣẹ́ aránṣọ ni obìnrin náà ń ṣe. Àbúrò rẹ̀ ló gbé wá, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbọ́ tirẹ̀, tí kò lè sọ̀rọ̀, àmọ́ tí ojú rẹ̀ ń sọ gbogbo rẹ̀. Bó bá gbójú sókè, ó gbà nìyẹn. Bó bá di ojú, kò gbà. Ọ̀gá ni tẹrú tọmọ ń pè é, torí kò sẹ́ni tí kì í ṣe ìfẹ́ rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí ìyá wọn ti kú, ẹ̀gbọ́n nìkan ló sì ń gbé e, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń yí i padà lórí ibùsùn. Nígbà tí alábòójútó ní kó fi Ọ̀gá sílẹ̀ kó máa lọ sílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó rìn dé ìdí bẹ́ǹṣì, kò sì rántí mọ́ bí èèyàn ṣe ń rìn láìti àga onítáyà níwájú.

Nígbà tó jí, ojú tì í. Ó bi alágbàfọ̀ pé kí ló dé tí kò jí òun.

“Mo rò pé bàtà yín ló ń jà, tí ẹ sì ń dúró kí wọ́n parí ìjà,” ni ọkùnrin náà dá a lóhùn. “Wọn ò jọ ọmọ ìyá kan náà.”

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ya òun alára lẹ́nu, torí ó ti pẹ́ tó ti gbúròó rẹ̀.

Lóṣù kejì, ó tún jókòó díẹ̀ kó tó lọ sílé. Alágbàfọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀. Ọṣẹ ti bó o ní ìka, ó sì ti lé lógójì láìní aya. Ó ń ká aṣọ, aránṣọ ń bá a di etí kejì mú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ oníbàárà tí kì í gbà pé òun ti sanra. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, “ẹ” ti di “o” láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tó yí padà.

Ó tó ọdún kan kí ọkùnrin náà tó sọ pé òun fẹ́ wá kí i nílé. Aránṣọ kọ̀.

“Kì í ṣe èmi lo mọ̀,” ó ní. “Ọjọ́ méjì lóṣù lo mọ̀. Ẹni tó ń gbé ọjọ́ tó kù, o ò tíì rí i, o ò sì ní fẹ́ràn rẹ̀.”

“Olólùfẹ́ mi, jẹ́ kí n wá wò ó ná.”

Ọjọ́rú kan ló wá, ọjọ́ náà ò sì dáa. Gìrì ti ń mú Ọ̀gá láti ìdájí, oníbàárà kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè aṣọ tí wọn ò tíì fi abẹ́rẹ́ kàn. Aránṣọ jágbe mọ́ alágbàfọ̀ pé ó ń to ìrọ̀rí bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù. Ọkùnrin náà kó aṣọ ìbùsùn tó ti tutù, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó ń fọ̀ wọ́n. Nígbà tó padà wọlé, Ọ̀gá ti sùn. Aránṣọ gbé orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń sunkún láìpariwo. Ọkùnrin náà jókòó tì í títí tó fi dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ní gbogbo Ọjọ́rú.

Nígbà tí alágbàfọ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ fẹ́ aránṣọ, ìyá kọ̀. Ó bi ọmọ rẹ̀ bóyá èèyàn kan ló fẹ́ fẹ́ ni, àbí méjì. Kì í ṣe ìkà obìnrin. Òun ló tọ́jú bàbá alágbàfọ̀ lórí ibùsùn fún ọdún mẹ́rin, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Ó ní òun mọ bí ẹrù yẹn ṣe wúwo tó, òun ò sì ní fọwọ́ ara òun gbé e ru ọmọ òun.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí Ọ̀gá ń sún mọ́ ọdún méjìdínlógún. Alábòójútó pe aránṣọ, ó rọra ṣàlàyé pé ọmọdé nìkan ni ilé ìsinmi wà fún. Ẹni tó bá ti pé méjìdínlógún ti di àgbà. Aránṣọ béèrè ibi tí àwọn àgbà ti ń sinmi. Alábòójútó wo ilẹ̀.

Aránṣọ lọ bá alágbàfọ̀ nídìí okùn aṣọ. “Òótọ́ ni ìyá rẹ sọ,” ó ní. “Kò sí ọjọ́ méjì mọ́. Ohun tó kù kò tó ẹnì kan jẹ, ká má tíì sọ ti ẹni méjì. Má wá lỌ́jọ́rú mọ́.”

Alágbàfọ̀ fẹ́ jiyàn, àmọ́ ó rí i pé agbára àtijiyàn kò sí lára obìnrin náà. Ó dé ilé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ìyá kàn béèrè pé ta ló máa ń gba ọmọ náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí.

“Kò sẹ́nì kankan, mà.”

Ìyá ní kó júwe ilé wọn fún òun.

Ní Sátidé, ìyá kan ilẹ̀kùn aránṣọ fúnra rẹ̀. Aránṣọ rò pé wọ́n wá bá òun jà ni. Ìyá wọlé, ó fa àga sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

“Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́jú ọkọ mi,” ó ní. “Gbogbo ayé ń kí mi kú ìrọ́jú. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé kí n lọ sùn. Lọ sùn.”

Aránṣọ ní Ọ̀gá kì í gba àlejò bọ̀rọ̀. Ìyá bá kọjú sí ọmọ náà, ó bi í bóyá ó máa gba òun láyè. Ọ̀gá wò ó látòkè délẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbójú sókè.

“Ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́,” ni ìyá wí.

“Ọ̀gá ni, mà,” ni aránṣọ dáhùn, ó sì wọ yàrá kejì lọ. Wákàtí márùn-ún ló fi sùn.

Bí ìyá ṣe ń wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù nìyẹn. Nígbà tó yá, ó ní kí ọmọ òun yéé fajú ro kiri ilé, kó lọ síbi tí ọkàn rẹ̀ wà. Alágbàfọ̀ padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bi aránṣọ bóyá ó máa fẹ́ òun. Obìnrin náà ń gé òwú, ojú rẹ̀ ti wú.

“Ó rẹ̀ mí,” ó ní. “Bi mí lówùúrọ̀ ọ̀la.”

Ọkùnrin náà lọ sílé. Kò fi bẹ́ẹ̀ sùn. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ló dé, ó bá aránṣọ níbi tó ti fẹ́ gbé Ọ̀gá kúrò lórí ibùsùn bọ́ sínú àga. Ó lọ sí apá ẹsẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ orúnkún ọmọ náà, ó gbójú sókè kó tún bi í.

“Mo gbà,” ni aránṣọ sọ kó tó lanu. “Àtàná ni mo ti gbà. Ó kàn rẹ̀ mí láti sọ ọ́ ni.”

Wọ́n jọ ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n sì gbé e.