Irin Tó Sán

Iná ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí, iná búlúù tó ń ta pàrà bí ìràwọ̀ tó ṣìnà. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin ajórin-mọ́rin tó ń fi í jó irin ṣí ìbòjú rẹ̀. Òógùn ti bò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ náà fẹ́ kọ́ irin jíjó? Ojú ẹ á rí nǹkan o."

"Ojú mi ti rí ẹ ná. Kí ló tún kù tó lè bà mí lẹ́rù?"

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Odidi ọdún kan ni ọkùnrin náà fi ń di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú nídìí irin kó má baà gbọ̀n. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan lókè òkun ní àwọn ń bọ̀ wá dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí àwọn lè gba ẹni tó bá yege síṣẹ́, àwọn méjèèjì pinnu pé àwọn á jọ lọ, àwọn á sì fẹ́ra níbẹ̀.

Òfin àwọn àlejò náà le. Inú àpótí gbígbóná ni ọ̀pá ìjórin, ọ̀pá tín-ín-rín tí iná ń yọ́ láti so irin pọ̀, gbọ́dọ̀ wà. Bí omi bá kàn án, ojú ibi tí wọ́n fi jó á sán.

"Ṣé búrẹ́dì ni, tá a fi ń yan án?" ni ọkùnrin náà máa ń wí. "A ò yan nǹkan kan ní ìsọ̀ ọ̀gá tó kọ́kọ́ kọ́ mi níṣẹ́."

Láàárọ̀ ìdánwò, ìdì ọ̀pá ọmọbìnrin náà já bọ́ sínú korobá omi. Ó sáré tọ olùkọ́ lọ, wọn ò fún un ní òmíràn. Nígbà tó padà dé, ìdì gbígbẹ kan wà lórí tábìlì rẹ̀.

"Ó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ àpótí," ni ọkùnrin náà wí. "Jó irin ẹ, ìyàwó mi."

Àwọn àlejò náà tẹ irin tí ọmọbìnrin náà jó láti dán an wò, kò sán. Wọ́n tẹ ti ọkùnrin náà, ó sán gbaragada.

Ìgbà tí ọmọbìnrin náà ń bá a palẹ̀ tábìlì rẹ̀ mọ́ ló rí ìdì tó rin, tòun ti òwú pupa tóun fúnra rẹ̀ so mọ́ ọn. Ó gbé e síwájú ọkùnrin náà.

"O purọ́ fún mi."

"Mo rò pé ọgbọ́n ọwọ́ mi á borí omi yẹn." Ọkùnrin náà gba ìdì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò lọ mọ́."

"Bàbá ẹ ti ń sunkún ayọ̀ ní géètì. Ta ló máa lọ sọ fún wọn? Lọ, jàre. Bí ẹnì kan bá rì, ṣé dandan ni kí ẹnì kejì tẹ̀ lé e?"

Ní ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà máa lọ, ó gbé irin tirẹ̀ fún ọkùnrin náà, ó sì gba tọkùnrin náà tó sán.

"Òrùka mi nìyí," ó ní. "Mi ò ní í gba òmíràn."

Ọkùnrin náà fa ìbòjú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bojú, bẹ́ẹ̀ iná kankan ò sì jó.