Fáàfù Yàrá Yìnyín

Ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ọkọ̀ ṣe gbá ohun kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó sì wọ ọ́fíìsì. Aṣọ ìnura ló fi wé e, ọ́ìlì dúdú sì ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tó ń bá ìjọba ra nǹkan fún àwọn ọkọ̀ tí ń kó oúnjẹ lọ bá àwọn ológun ojú omi gbójú sókè. Kí-ló-dé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí kò lè ra abẹ́rẹ́ láìbéèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi rán.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ gbé síbẹ̀ yẹn?"

"Ọ̀daràn ni." Ó tú aṣọ náà, fáàfù kan tó ti dípẹtà ló jáde. "Èyí ló ń mú kí yàrá yìnyín ọkọ̀ wa máa gbóná. Ẹran ti ń rùn. Bí a ò bá rí òmíràn, a ò lè kúrò ní èbúté."

"Báwo ni irin kékeré yìí ṣe ń mú odindi yàrá tutù?"

Ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Kí-ló-dé tún béèrè, ọkùnrin náà tún ṣàlàyé, títí tíì tí wọ́n bù fún un fi tutù láìlo fáàfù kankan.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe fáàfù náà ti kógbá sílé, nítorí náà Kí-ló-dé ń wá a káàkiri. Onífíríìjì, bí ó ṣe ń pe ọkùnrin náà, kò sì yé wá béèrè ibi tó bá a dé. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi mọ̀ pé ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá Kí-ló-dé ni kò gbà. Atukọ̀ ni ọkọ tirẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, kò sì bọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí Onífíríìjì wá kí i, ó rí i pé okùn ni ìyá fi ń so ilẹ̀kùn fíríìjì rẹ̀. Ó ká apá aṣọ sókè, ó tún un ṣe.

"Ó mọṣẹ́," ni ìyá wí. Ó ká okùn náà pamọ́.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé oníṣòwò kan ní irú fáàfù náà. Kí-ló-dé sọ fún ìyá rẹ̀.

"Sọ fún wọn pé o ò rí i," ni ìyá wí. "Ọkọ̀ ò ní lè lọ. Tí kò bá ti lọ, màá fi tayọ̀tayọ̀ gbà á ní ọkọ rẹ."

"Màmá, àwọn tó wà lójú omi ńkọ́? Kí ni wọ́n á jẹ?"

"Ìyẹn ò kàn mí."

Ọkàn Kí-ló-dé bàjẹ́ gidigidi, nítorí ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Síbẹ̀, ó ra fáàfù náà, ó fi aṣọ ìnura ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn wé e, ó gbé e lọ sí èbúté, ó sì ro gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ wí fún un.

"Ǹ bá ti dá ẹ dúró, mi ò ṣe é. Ṣé inú ń bí ẹ?"

"Ká ní o purọ́ ni, gbogbo ìgbà tí mo bá rí ẹ ni ẹran yẹn á máa rùn sí mi, olólùfẹ́ mi."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wàá padà?"

"Abèèrè kì í ṣìnà. Bí mo bá sọnù, màá béèrè ilé Kí-ló-dé." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó kan ìbéèrè tèmi. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò fi ìbéèrè dá ìbéèrè lóhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ fẹ́ ṣí, ìyá yọ sí wọn ní èbúté, okùn fíríìjì lọ́wọ́ rẹ̀. Onífíríìjì dọ̀bálẹ̀ lórí pákó tútù.

"Mo ní kó purọ́ dá ẹ dúró, ó kọ̀," ni ìyá wí. "Bí òun bá lè fọkàn tán ẹ tó bẹ́ẹ̀, èmi náà á gbìyànjú. Dìde, gba okùn yìí, mi ò fẹ́ okùn kankan nílé mi mọ́. Bí ilẹ̀kùn fíríìjì yẹn bá tún yọ, bó ṣe yọ ni màá fi í sílẹ̀ títí wàá fi dé wá tún un ṣe."