Ọwọ́ tí kò kúrò lẹ́yìn ọrùn Adwoa

Ní ọjọ́ tí ìròyìn ikú Adwoa dé àdúgbò wa ní Bekwai, fufu kù sínú odó, kò sí ẹni tí ó gún un tán. Ọmọ oṣù méjì ni.

Kwadwo Dapaah, baba rẹ̀, nawọ́ sí ìyá ìyàwó rẹ̀. "Maame Pokuaa ni o! Bó ṣe máa ń ju ọmọ sókè tó bá ń wẹ̀ ẹ́ ló pa á!"

Arúgbó náà, tí ó máa ń wẹ ọmọ tuntun fún gbogbo àdúgbò, wò ó. "Kwadwo, èmi? Èmi tí mo fi ọmọ mi fún ọ?"

Láti ọjọ́ náà, kò sí abiyamọ tí ó tún gbé ọmọ fún un wẹ̀.

Ṣùgbọ́n dókítà tí ó yẹ òkú ọmọ náà wò bá ẹ̀jẹ̀ nínú agbárí rẹ̀ àti lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ó wá àìsàn tí ó lè fa irú rẹ̀, kò rí. Ó ránṣẹ́ pe Maame Pokuaa, ó ká aṣọ bí ọmọ. "Mama, ẹ wẹ̀ ẹ́ kí n rí i."

Arúgbó náà na aṣọ náà bí ẹni ń na apá ọmọ, ó gbé e sókè, ó gbé e sọ̀kalẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan kò kúrò lẹ́yìn ọrùn.

Dókítà ní, "Ìwẹ̀ kọ́ ló ṣe èyí. Ẹnìkan ló di ọmọ yìí mú níhà, tó mì ín jìgìjìgì."

Bediako, tí òun àti Dapaah jọ ń ṣe káfíńtà, tọ̀ ọ́ lọ. "Ìwọ nìkan lo wà nílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà."

"Ẹ̀yin onígbàgbọ́ yìí, ẹ ti wá di ọlọ́pàá?"

"Ẹlẹ́ṣẹ̀ tí a dárí jì ni mí. Jésù ò ní bá ọ pọn irọ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí o bá jẹ́wọ́, kò ní lé ọ."

Dapaah wó lulẹ̀. "Igbe rẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Mo mì ín. Ó sì dákẹ́."

Ó ké pe Olúwa níbẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti jẹ́wọ́ lójú gbogbo agbo ilé, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Maame Pokuaa ní, "Ojú tí o fi wò mí nígbà tí o ń parọ́, mi ò tíì gbàgbé rẹ̀. Màá bẹ Ọlọ́run kí ó ràn mí lọ́wọ́."

Ìwọ tí ò ń kà á, ta ni ó ń ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ káàkiri ìlú? Jésù ti rù ú dé orí igi. Kí ló dé tí o tún gbé e ka aláìṣẹ̀ lórí? Wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ tí a bí Adwoa, obìnrin kan gbé ọmọ tuntun tọ Maame Pokuaa wá. Arúgbó náà gbé abọ́ ìwẹ̀ Adwoa jáde, ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, ó sì fi ọwọ́ kan gbá ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà mú.