Àmì Abẹ̀bẹ̀ Lórí Fóònù Fàwáz

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́!"

Ìyá Kaosarah fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kíá, bí ẹni tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná jó. Kò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ obìnrin rí. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ó wo láptọ́ọ̀pù tó ṣí sílẹ̀. Ó wo ráútà, àpótí dúdú kékeré tó ń fún gbogbo ilé ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó wá wo ojú Kaosarah. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú Kaosarah ló bà á lẹ́rù jù.

Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé ní Agbowó, nínú ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí. Aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ni Ìyá Kaosarah ń fọ̀, tó sì ń lọ̀, láti ìgbà tó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Ìgbòho. Bàbá wọn ṣì wà lọ́hùn-ún níbi iṣẹ́. Kaosarah ti parí ilé ìwé gíga, ó ti wáṣẹ́ títí, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Òní ni ilé iṣẹ́ kan tó ní ọ́fíìsì ní Ring Road fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Àbújá ni àwọn ọ̀gá ibẹ̀ wà, nítorí náà orí kọ̀ǹpútà ni wọn yóò ti rí ara wọn, ní agogo mọ́kànlá. Wọ́n sì ti kọ ọ́ sí i gbangba: ẹni tí kò bá wọlé lásìkò, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Agogo mẹ́wàá ti kọjá. Láptọ́ọ̀pù ò rí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Kaosarah tún tẹ orúkọ Wáífáì ilé wọn. Ojú kọ̀ǹpútà ń yí, ó ń yí, ó tún sọ ohun kan náà: kò lè sopọ̀. Ó pa láptọ́ọ̀pù, ó tún un tàn. Ó pa ráútà, ó tún un tàn. Ó gbé fóònù tirẹ̀, òun náà ò wọlé.

"Fàwáz, tìẹ ńkọ́? Ṣé ó wọlé?"

Fàwáz, àbúrò rẹ̀ tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Kò gbójú sókè. "Tèmi náà ò wọlé, Àǹtí mi."

Ìyá Kaosarah tún wo ráútà náà. Ó ti ń rò ó láti àárọ̀. Ó rò ó bóyá kóun sọ, bóyá kóun má sọ. Ìwé mẹ́fà lòun kà, ohun tí òun ò mọ̀ pọ̀ ju ohun tí òun mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé òun ni ńkọ́?

"Kaosarah," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré, "ó dà bíi pé èmi ni. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo ń lọ aṣọ lórí tábìlì yẹn. Mo wọ́n omi sí aṣọ. Omi ta sí nǹkan dúdú yìí lára. Mo wá fi àkísà nù ún... àkísà náà tutù."

Kaosarah dìde dúró. "Omi kẹ̀? Háà! Màámi! Ẹ wá wo ọjọ́ tí ẹ wẹ̀ fún un!"

"Má bínú. Ká sá a sóòrùn. Àbí ká tì í bọ inú ìrẹsì? Ìyá Fọláyọ̀ ti fóònù rẹ̀ bọ ìrẹsì nígbà tó já sínú bókẹ́ẹ̀tì, ó sì jí."

"Ìrẹsì wo, Màámi? Ìrẹsì wo?"

Wọ́n gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé lójú fèrèsé. Kaosarah sáré lọ kan ilẹ̀kùn Wándé, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tún fóònù ṣe ní yàrá kejì. Wándé wọlé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ta ló kú?"

"Ráútà ni," Kaosarah dáhùn. "Jọ̀ọ́, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ yìí."

Wándé yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣèèṣì tẹ àmì ọkọ̀ òfurufú tó máa ń pa Wáífáì láptọ́ọ̀pù. Rárá. Ó ní kí Kaosarah tan íńtánẹ́ẹ̀tì orí fóònù rẹ̀, kó fi láptọ́ọ̀pù gbà á. Láptọ́ọ̀pù gbà á lójú ẹsẹ̀. Inú gbogbo wọn dùn fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ò dára nínú yàrá yẹn rárá. Nígbà tí wọ́n dán àwòrán wò, ẹnu Kaosarah ṣí lójú kọ̀ǹpútà, kò pa dé mọ́, ohùn rẹ̀ sì ń já bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ.

"Ó yé mi báyìí," Wándé ní. "Láptọ́ọ̀pù ẹ ò láìsàn. Ọ̀dọ̀ ráútà lọ̀rọ̀ wà." Ó yí ráútà síwájú, ó yí i sẹ́yìn. "Àmọ́ gbogbo iná rẹ̀ ló ń tàn. Èyí tó bá mu omi kì í tàn báyìí o. Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?"

Ìyá Kaosarah na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Èmi ni."

Wándé bojú wo ìdí ráútà. "Tí mo bá fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré yìí, yóò gbàgbé gbogbo nǹkan, yóò padà sí pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ìwé ìdí rẹ̀ ti pa rẹ́. Funfun báláú."

Kò sẹ́ni tó ní láti bi wọ́n léèrè ta ló pa á rẹ́. Ojoojúmọ́ ni àkísà Ìyá Kaosarah ń kọjá níbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n sáré lọ sí Bódìjà," Wándé ní. "Ọ̀rẹ́ mi kan lè yá wa ní tirẹ̀. Mi ò lè sọ pé n óò ti padà dé kí mọ́kànlá tó lù o." Ó sì jáde.

Kaosarah jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Kò sunkún. Ìyá rẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kàn án léjìká, ó tún fà á padà. Lónìí, ó dà bíi pé gbogbo ohun tí ọwọ́ yẹn bá kàn ló ń bàjẹ́.

Ìgbà náà ni fóònù Fàwáz kùn. Ó tún kùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Fàwáz fi ọwọ́ bò ó kíá.

Ìyá Kaosarah gbọ́. Ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà, etí rẹ̀ máa ń ṣí. Ó rántí pé ní àná ni ọmọ yìí ń ráhùn pé òun ò ní dátà rárá. Kí ló wá ń kùn? Ó rántí nǹkan mìíràn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Àlíù ọ̀rẹ́ Fàwáz àti àwọn ọmọkùnrin kan máa ń jókòó sábẹ́ fèrèsé wọn nírọ̀lẹ́, orí gbogbo wọn á tẹ̀ sórí fóònù. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, wọn ò wá. Láàárọ̀ yìí, bí òun ṣe ń sá aṣọ, Àlíù dúró lẹ́nu géètì, ó ń wí fún Fàwáz pé, "Ahun! Ahun paraku!"

"Fàwáz," ó ní, "mú fóònù rẹ wá kí n wo aago."

"Màámi, mo lè sọ ọ́ fún yín..."

"Mú un wá, ọkọ mi."

Ó gbà á. Kò wo aago. Ó wo òkè fóònù, níbi tí àmì kan wà tó dà bí abẹ̀bẹ̀ kékeré. Kaosarah ló kọ́ ọ ní àmì yẹn. Ó ní, "Màámi, tí ẹ bá ti rí abẹ̀bẹ̀ yìí, Wáífáì ilé ti wọlé nìyẹn, ẹ máa pe Bàbá kí ẹ rí ojú wọn." Abẹ̀bẹ̀ náà ṣí gbayawu lórí fóònù Fàwáz. Tèmi náà ò wọlé, ọmọ náà ní. Irọ́ ni.

Tó bá pariwo báyìí, Kaosarah á fò mọ́ ọmọ náà, ọmọ náà á sẹ́. Ó mọ Fàwáz. Tó bá ti sẹ́ tán, orí rẹ̀ ni yóò dúró sí, aago á sì máa lọ. Kí ló máa ṣe? Ó dá fóònù padà fún un. Ó wo ojú rẹ̀, ó wò ó pẹ́, títí tí ọmọ náà fi wolẹ̀.

"Aago mélòó lo rí níbẹ̀?"

"Ó ku... ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Màámi."

"Ó kù díẹ̀. Kò tíì tán."

Ó yíjú sí Kaosarah. "Ọmọ mi, ẹ̀bi mi ni. Kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá yẹn. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ tí kò kàwé ló da omi sí ẹ̀rọ. Bóyá wọ́n á ṣàánú rẹ."

"Màámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́!"

Fàwáz ló sọ̀rọ̀. Ó ti dìde. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Kì í ṣe omi. Èmi ni. Mo yí pásíwọ́ọ̀dù padà lánàá."

Kaosarah gbójú sókè. "O ṣe kí ni?"

"Àlíù ló ní kí n fún òun ní pásíwọ́ọ̀dù. Ó ní òun fẹ́ fi kàwé fún JAMB. Ó ní tí mi ò bá fún òun, kí n má pe òun ní ọ̀rẹ́ mọ́. Mo fún un. Ó bá pín in fún gbogbo wọn. Fíìmù ni wọ́n ń fà, Àǹtí mi, kì í ṣe ìwé. Mo rí i pé dátà yín ń lọ. Ẹ̀rù bà mí, mo bá yí i padà kí wọ́n má lè wọlé mọ́. Mi ò mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù yín náà ò ní wọlé."

"O sì jókòó síbẹ̀! O ń wo Màámi tí wọ́n ń gba ẹ̀bi!"

"Ẹ ní ẹ máa gba fóònù mi tí mo bá fún ẹnikẹ́ni ní pásíwọ́ọ̀dù."

Kaosarah gbé ọwọ́ sókè. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ náà mú. "Lù ú tó bá yá. Jẹ́ kó tún un ṣe ná."

Fàwáz jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù. Ó mọ ibi tó ń lọ. "Pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ ló ṣì wà lórí rẹ̀," ó ní. "Ìyẹn ló ń gbé lọ bá ráútà, ráútà sì ń lé e padà. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbàgbé rẹ̀." Ó tẹ orúkọ Wáífáì náà, ó ní kí láptọ́ọ̀pù gbàgbé rẹ̀. Orúkọ náà kúrò nínú àwọn tó mọ̀. Ó tún wá a jáde bí ẹni pé wọn ò pàdé rí. Láptọ́ọ̀pù béèrè pásíwọ́ọ̀dù.

"Kí ni pásíwọ́ọ̀dù tuntun yẹn?" Kaosarah bi í.

Fàwáz họ orí.

"Fàwáz!"

"Àlíù oníwọ̀bìà. Ẹ kọ ọ́ papọ̀, lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Ìyá Kaosarah, kò mọ̀gbà tó jáde. Kaosarah ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣépè, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà yí, ó yí. Abẹ̀bẹ̀ kékeré náà ṣí.

"Ó wọlé! Màámi, ó ti wọlé!"

Ìyá Kaosarah na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Alihamdulilahi," ó ní. "Alihamdulilahi."

Kaosarah nu ojú, ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó lé àwọn méjèèjì jáde. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́dẹ. Ìyá Kaosarah lé adìẹ kúrò. Ó bẹ obìnrin tó ń gún nǹkan lẹ́yìnkùlé pé kó dáwọ́ dúró ná. Nígbà tí Wándé padà dé lọ́wọ́ òfo, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, Fàwáz fi ìka kan ẹnu, ó fọwọ́ ṣàpèjúwe pé ó ti bọ́ sí i. Láti inú yàrá, wọ́n ń gbọ́ ohùn Kaosarah, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń lọ geerege, kò já lẹ́ẹ̀kan. Ìyá rẹ̀ ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ìgbà tí ó rẹ́rìn-ín, àti ìgbà tí àwọn ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Àyà rẹ̀ balẹ̀ wẹ́rẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Kaosarah jáde. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ foríjì mí. Mo pariwo mọ́ yín."

"Dìde. Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kí n wá sí ọ́fíìsì Ring Road ní ọjọ́ Ajé, kí n kó ìwé ẹ̀rí mi dání."

Ìyá Kaosarah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó mí kanlẹ̀.

Kaosarah gba fóònù Fàwáz bó ṣe sọ tẹ́lẹ̀. Oṣù kan gbáko. Fàwáz ò bẹ̀bẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ó lọ bá Àlíù fúnra rẹ̀, ó sọ fún un pé Wáífáì kì í ṣe tòun, òun ò sì ní fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àlíù bú u. Ó ní, "Màmá ẹ ló rán ẹ wá, àbí?" Ó yọ ṣùtì sí i. Láti ọjọ́ náà, kò kí i mọ́. Ó dun Fàwáz díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, èyí tí kò ṣe láti ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ó tó sùn, ìyá rẹ̀ pè é.

"Mo ti mọ̀ kí o tó sọ," ó ní. "Mo rí i lórí fóònù rẹ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó ti ẹnu rẹ jáde. Gbọ́, ọkọ mi. Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Èmi náà rò pé mo ṣe é, mo sì sọ, bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà mí. Ohun tó bàjẹ́, tí a bá tètè mọ ẹni tó fọwọ́ kàn án àti ohun tó ṣe sí i, ó ṣeé tún ṣe. Tí o bá fi pamọ́, ẹlòmíràn ni yóò jìyà rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó bá sì ní kí o fún òun ní ohun tí kì í ṣe tìrẹ, kó tó lè bá ọ ṣọ̀rẹ́, jẹ́ kó máa lọ."

"Mo gbọ́, Màámi. Ẹ ṣeun tí ẹ ò dójú tì mí."

"Lọ sùn," ó ní. Òun náà sì pa iná.