Ife-Ẹ̀yẹ Orí Fíríìjì

Ìgbà kẹrin rèé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà tí Fisáyọ̀mi yóò ṣí fíríìjì Màmá, ìyá-ìyá rẹ̀, láti gbé omi tútù fún àwọn tó wá kí Hakeem kú oríire. Ìgbà kẹrin náà rèé tí ife-ẹ̀yẹ tí wọ́n gbé sórí fíríìjì yóò máa mì lórí ibẹ̀ bíi pé ó ń fi í ṣẹ̀sín. Ká sòótọ́, ó wù ú kó jábọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni Hakeem. Agboolé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní Ìlódè, àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Òkè-Àánú ni Hakeem ń lọ, òun sì ni olórí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù wọn. Ìrètí-Ògo ni Fisáyọ̀mi ń lọ ní tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ràn ikọ̀ Ìrètí-Ògo tó o. Ó ní ìwé kan tó ń kọ gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn sí: ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ìṣẹ́jú tó wọlé, títí dórí òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lọ na àwọn ọmọ Ẹdúnàbọ̀n mọ́lé wọn. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mọ́kànlá, wọ́n borí mẹ́sàn-án, wọ́n ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n pàdánù ni àṣekágbá tí wọ́n bá Òkè-Àánú gbá, pẹ́nárítì ló sì mú un lọ. Hakeem ló gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé.

Ṣé ọdún burúkú nìyẹn? Àwọn tó jẹ́ pé ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti máa ń já lọ́dọọdún! Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wọn tilẹ̀ ti ní kí Fisáyọ̀mi wá ka ìwé rẹ̀ sétí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n lè fi yẹ́ àwọn ọmọ náà sí. Ẹlòmíì ì bá máa jó. Ife orí fíríìjì ni tirẹ̀ ń wò, owú sì ń jẹ ẹ́.

Àlejò kan béèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni akọni yìí. Màmá kì í fi ọdún òyìnbó ka ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ló fi ń kà á.

Ó ní, "Ọdún tí bàbá wọn àgbà lọ sí Mẹ́kà la bí i."

Fisáyọ̀mi gbójú sókè. Fọ́tò bàbá àgbà nínú aṣọ funfun Mẹ́kà wà lára ògiri, wọ́n sì kọ ọdún sábẹ́ rẹ̀: 2006. Ó ṣírò ó. Háà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún! Bẹ́ẹ̀, òfin ìdíje náà ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju mẹ́tàdínlógún lọ. Kò bi Màmá léèrè, kò bi Hakeem. Ó wọ yàrá lọ, ó kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ìdíje láìfọwọ́ sí i, ó sì lọ tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn nígbà tó ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ajé.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbìmọ̀ ti wá gbé ife náà. Orí fíríìjì ṣófo. Inú Fisáyọ̀mi dùn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, àfi ìgbà tí Hakeem wá jókòó tì í lẹ́bàá ògiri.

"Fisáyọ̀, ta ni mo ṣẹ̀ láyé yìí?"

Ó wolẹ̀.

Ìgbà tí Màmá gbọ́ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà, ó fa àpótí yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú fọ́tò mìíràn jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá àgbà lọ sí Mẹ́kà! Ti ẹ̀ẹ̀kejì ni ò tíì rí férémù. Màmá ní ẹ̀ẹ̀kejì lòun ń sọ, ta ló bi òun tí òun ò dá lóhùn? Ìwé ọjọ́ ìbí Hakeem náà bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu: ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ife padà sórí fíríìjì.

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, wọ́n ní kí ikọ̀ tó ṣe ipò kejì náà kó ìwé tiwọn wá. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú pé Ìmísí, tó gbá bọ́ọ̀lù mẹ́rìnlá sáwọ̀n fún Ìrètí-Ògo, ti lé lọ́mọ ogún ọdún, ó kàn lọ yí ọjọ́ ìbí inú ìwé rẹ̀ padà ni. Wọ́n wọ́gi lé gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ti gbá. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí wọ́n borí lọ bẹ́ẹ̀, ipò kejì náà sì bá a lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ò pe ẹnikẹ́ni jáde láti ka ìwé kankan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Fisáyọ̀mi jẹ́wọ́ fún Hakeem pẹ̀lú omijé.

"Ẹ̀yin lẹ mọ bọ́ọ̀lù gbá jù wá lọ lọ́jọ́ náà," ni Hakeem wí. "Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ, ṣùgbọ́n o ò wo ojú mi. Ife lò ń wò."

Ìmísí jẹ̀bi, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe òtítọ́ ni Fisáyọ̀mi ń wá nígbà tó kọ lẹ́tà, owú ló kọ ọ́. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló tẹjú mọ́ tó fi fọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tó wà lọ́wọ́ òun jẹ́. Ìwé rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ títí di òní, pẹ̀lú òjò Ẹdúnàbọ̀n àti gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè kà á sétí mọ́.