Fọ́tò Ìkẹyìn Nana Afrakoma

Ìyáàfin Tiwaa wọ ṣọ́ọ̀bù ayafọ́tò ní Mampong, ní orílẹ̀-èdè Ghana, pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ pupa.

Ó ní, "Dufie, ìyá mi, Nana Afrakoma, ti lọ lánàá. Bá mi tẹ fọ́tò tó yà níbí jáde, ká lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti kéde ikú rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ kan."

Dufie, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé, lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà, Nana Afrakoma fúnra rẹ̀ ni ó ti wá ya fọ́tò ìsìnkú rẹ̀. Ó ró aṣọ kente, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní fi fọ́tò káàdì ìdìbò kéde ikú òun.

Ó kìlọ̀ fún Dufie pé, "Má jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín o. Tí òkú bá ń rẹ́rìn-ín lára ògiri, àwọn orogún mi á ní àwọn ni mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Bediako, ọ̀gá Dufie, ti pàṣẹ pé kí ó máa ṣe ẹ̀dà gbogbo fọ́tò inú kọ̀ǹpútà sórí fúláàṣì, ohun kékeré tí a fi ń tọ́jú fáìlì, ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́. Iṣẹ́ náà ń gba wákàtí kan. Ìdánwò àṣekágbá ti sún mọ́, Dufie sì fẹ́ fi wákàtí náà kàwé. Ó rò ó pé àwọn arúgbó tí ó ń ya fọ́tò ìsìnkú máa ń lo ọdún púpọ̀ sí i láyé. Ó pinnu pé ọjọ́ Ẹtì nìkan tó. Kò sọ fún ọ̀gá rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kan náà, iná mànàmáná lọ. Nígbà tí ó padà, ó jó kọ̀ǹpútà náà kọjá àtúnṣe. Dufie sì ti pa àwọn fọ́tò inú kámẹ́rà rẹ́ kí àyè lè wà.

Bediako yẹ fúláàṣì wò lójú Ìyáàfin Tiwaa. Fọ́tò ọ̀sẹ̀ náà kò sí níbẹ̀.

Ó bi Dufie pé, "Ta ló ní kí o yí àṣẹ mi padà?"

"Èmi ni, ọ̀gá. Mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó."

Ìyáàfin Tiwaa kò pariwo. Ó béèrè àga tí ìyá rẹ̀ jókòó lé, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mú káàdì ìdìbò jáde nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

Fọ́tò káàdì náà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé Nana Afrakoma. Ojúlé mẹ́ta ni ó wà láàárín ilé náà àti ilé ìwé Dufie. Dufie ń kọjá níwájú fọ́tò náà lójoojúmọ́ títí ìdánwò fi parí. Ó yege. Kò sí ẹni tí ó bá a wí mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé kì í ṣe àkókò tí ó wà lọ́wọ́ wa ni a fi ń pinnu iye ìgbà tí a ó ṣe ẹ̀dà. Ohun tí a kò ní rí gbà padà ni a fi ń pinnu rẹ̀.