Ẹni Tó Bá Àǹtí Fọláyan Dáhùn

Mo pe imú, ẹnì kan sì dáhùn láti pálọ̀. Ohùn Àǹtí Fọláyan ni, mo rò pé wọ́n ti dé láti Apple Junction. Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó ni pé n kò gbọ́ kí ilẹ̀kùn ṣí.

Lọ́dún 2004 ni. Mo ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ Àǹtí Fọláyan, àbúrò ìyá mi, ni mo sì ń gbé ní Festac. Ìdánwò àfẹnusọ wa ń bọ̀. Olùkọ́ wa ní a gbọ́dọ̀ lè dárúkọ gbogbo ibi tí èémí ń gbà ní Yorùbá, torí àwọn tó ń wá láti Mile 2 kò ní kọ́kọ́ ka ìwé òyìnbó kí wọ́n tó ṣàìsàn. Èmi àti Àǹtí bá sọ ọ́ di eré. Bí olùkọ́ ṣe ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì láàárọ̀ ni mo ṣe ń pe ẹ̀yà ara Àǹtí: "Imú!" Àǹtí á ní, "Mo wà ńbí, mà!" A ó wá bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n ti mú iná lọ, ooru sì mú. Mo jókòó ní yàrá, mo ń pè, pálọ̀ ń dáhùn. Ọ̀fun. "Mo wà ńbí, mà." Gògóńgò, tí ohùn ń gbà jáde. "Mo wà ńbí, mà." Kòmóòkun, tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sísàlẹ̀. N kò tíì pè é tán tí ìdáhùn fi dé. Kò sí ẹ̀rín kankan tó tẹ̀lé e.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Àǹtí Fọláyan ni mo rí nísàlẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ gétì bọ̀, wọ́n gbé báàgì ọjà lọ́wọ́.

"Ó ku ẹ̀dọ̀fóró," ni ohùn náà sọ jẹ́jẹ́ láti pálọ̀. "Pè é."

Mo fọwọ́ bo ẹnu ara mi, mo gba ilẹ̀kùn kíṣìnnì sáré sọ̀kalẹ̀. Àǹtí ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èémí wọn ń dún fín-ín fín-ín bíi fèrè ọmọdé, bẹ́ẹ̀ wọn kò ní ikọ́ fée rí. Wọ́n ya ẹnu, ohùn kò jáde.

Bọ̀dá Afeez, awakọ̀ tó ń gbé nísàlẹ̀, ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ họsípítù, kíá!"

Ṣùgbọ́n ètè Àǹtí ti ń dúdú. Mo mọ ohun tí mo ń wò: wọn kò ní dé họsípítù kankan.

"Àǹtí, ẹ dárí jì mí," mo sọ sí wọn létí. "Mo ń pe orúkọ ẹ̀yà ara yín, nǹkan kan sì ń bá yín dáhùn."

Wọ́n wò mí. Wọ́n wá na ọwọ́ sókè bí ọmọ kíláàsì, ó sì yé mi. Ẹni tó ni ara ló yẹ kó dáhùn.

Kòmóòkun ni mo kọ́kọ́ pè, torí òun ló ń pa wọ́n lọ. "Kòmóòkun Fọláyan, ọmọ Adéjùwọ́n!" Ọwọ́ náà tún gòkè. Fín-ín fín-ín yẹn dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ sì rọ́ wọlé. Imú, ọwọ́ sókè. Ọ̀fun, ọwọ́ sókè. Bọ̀dá Afeez ń wò wá bí ẹni tó rí wèrè méjì.

"Gògóńgò Fọláyan!"

"Mo wà ńbí!" Ohùn wọn há, ṣùgbọ́n tiwọn ni. "Pe èyí tó kù."

Ẹ̀rù bà mí, mo sì pè é. "Ẹ̀dọ̀fóró Fọláyan, ọmọ Adéjùwọ́n!"

"Méjèèjì wà ńbí, mà!" Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Mo di mọ́ wọn, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a gòkè, pálọ̀ ṣófo. Ṣùgbọ́n gíláàsì fèrèsé kan ń ṣú, ó ń mọ́, ó tún ń ṣú, bí ìgbà tí ẹnì kan fi imú kàn án tó ń mí. Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Jáde," wọ́n ní jẹ́jẹ́. "Èyí tó o mí yẹn tó ọ."

Gíláàsì náà mọ́. Kò ṣú mọ́.

Ìgbà náà ni wọ́n wá kọjú sí mi. Wọ́n bú mi láti pálọ̀ dé kíṣìnnì: aláìlójútì, ọ̀mọ̀wé tí kò lọ́gbọ́n, ẹni tó fẹ́ fi ìdánwò pa àǹtí rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó rẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, àyà mi já pé ohùn wọn tún ti lọ.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "ẹ ṣì máa bú mi."